Tábìlì Ọ̀sẹ̀ Karùn-ún

Àsọtẹ́lẹ̀ kì í wọ́n ní ìlú Ìlọrin nígbà tí sáà líìgì bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìdí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn ní agbègbè Post Office, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàjámọ̀ ní Tankẹ, àti lórí ìjókòó pápá ìṣeré ìpínlẹ̀ náà tí a fi orúkọ Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá, pè, ẹnu kì í sinmi. Bí Kwara United bá borí ní ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn, wọn a ní ọdún yìí gan-an ni. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹnu kan náà ni yóò tún sọ pé wọ́n ti ń já lọ sí ìpele ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí í bi ara rẹ̀ léèrè bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe lè ti inú ikùn kan jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹni tí ó bá fi etí akẹ́kọ̀ọ́ èdè gbọ́ wọn yóò rí i pé ohun mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní àsọtẹ́lẹ̀. Èkíní ni ìwòye ẹni tí ó ti fojú rí bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Èkejì ni ìrètí. Ẹ̀kẹta, tí ó sì pọ̀ jù, ni àdúrà. 'Yóò' kan náà ni ó ń ru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 'Wọn yóò gba ife náà' dà bí ọ̀rọ̀ amòye, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ fi hàn pé 'Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n gbà á' ni, tí orúkọ Ọlọ́run kàn já bọ́ lára rẹ̀. Ní ìlú tí 'bí Ọlọ́run bá fẹ́' ti mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan ni ó dà bí ẹni pé wọn kì í fi àyè yẹn sílẹ̀.

Ìṣirò ọ̀rọ̀ náà kò le. Ní àwọn sáà àìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ 20 ni ó ń kópa, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ìdíje 38, 19 nílé, 19 lẹ́yìn odi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ karùn-ún bá parí, ìdíje 33 ni ó ṣì kù, àmì 99 sì ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lágbára láti kó o. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí nínú gbogbo márààrún kò tíì ní ju àmì 15 lọ.

Kì í ṣe èyí nìkan. Líìgì Nàìjíríà jẹ́ líìgì tí onílé fi ń borí àlejò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó nínú bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin dé Uyo kì í sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé kúrò nílé. Pápá tí wọn kò mọ̀ ń dúró dè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ariwo àwọn onílé, tí rẹfirí pẹ̀lú ń gbọ́. Nítorí náà, àwọn àgbà nínú àwọn alátìlẹyìn a máa ka tábìlì lọ́nà tí ó yàtọ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan gbá ìdíje mẹ́ta nílé, ó borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì pàdánù méjèèjì tí ó gbá lẹ́yìn odi: àmì 9 nìyẹn. Ẹgbẹ́ kejì borí nínú méjì tí ó gbá nílé, ó ta ọ̀mì méjì lẹ́yìn odi, ó sì pàdánù ọ̀kan: àmì 8. Ẹni tí ń wo tábìlì lásán yóò ní ẹgbẹ́ kìíní ni ó dára jù. Àgbà alátìlẹyìn yóò mú ẹgbẹ́ kejì, nítorí ìdíje 17 ni ó ṣì kù fún un nílé nígbà tí ti ẹgbẹ́ kìíní ku 16, ó sì ti kó àmì méjì bọ̀ láti ilé onílé. Ìwòye nìyẹn, ó sì yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún.

Sáà 2020/21 kọ́ Ìlọrin ní ẹ̀kọ́ yìí. Àrùn kòrónà mú kí ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òpin oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i. Láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Kwara United, tí Abdullahi Biffo ń kọ́, gun òkè tábìlì. Ayọ̀ rẹ̀ kò kéré, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ayọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́: àmì tí wọ́n kó kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n parí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Akwa United ti Uyo ni ó gba ife, ife líìgì wọn àkọ́kọ́. Kennedy Boboye tí ó kọ́ wọn ti kọ́kọ́ gba irú rẹ̀ pẹ̀lú Plateau United ní 2017. Tábìlì oṣù Kìíní kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kò rán an ni wọ́n ní kí ó jẹ́.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo ṣe ń dífá ọrọọrún. Ta ni ì bá sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2016 pé Rangers ti Ẹnúgu, tí wọn kò gba ife náà mọ́ láti 1984, ni yóò gbà á? Ọdún kan náà ni Leicester City gba ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí àwọn onítẹ́tẹ́ ibẹ̀ ti ta á ní 5,000 sí 1. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ní tiwọn ṣe ipò kejì ní 2023 àti 2024 kí wọ́n tó gbà á ní 2025. Ẹni tí ó bá sọ ti Remo tẹ́lẹ̀ kò ṣe awo. Ó kàn ka ọdún méjì pọ̀ ni.

Kunle Soname tí ó ni Remo Stars yìí náà ni alága Bet9ja, ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ṣọ́ọ̀bù káàkiri ilẹ̀ yìí. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ó rán ni létí pé àsọtẹ́lẹ̀ ti di ọjà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ń fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ so ìdíje márùn-ún mọ́ ara wọn lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ni ó ṣòro láti wò láìdárò. Bí ènìyàn bá mòye tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kí ó tó gba márùn-ún pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò tó ìgbà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sì burú kí olùkọ́ ìṣirò ṣe é lójú pátákó fún wọn.

Àwọn mìíràn wà tí àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ karùn-ún ń ná lówó ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Kì í pẹ́ nínú líìgì yìí kí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ tó fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ní gbèdéke pé bí kò bá kó iye àmì báyìí nínú ìdíje méjì tàbí mẹ́ta, kí ó di ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, Kwara United pẹ̀lú, jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, ariwo ìta sì tètè ń dé ọ́fíìsì. Wọn a lé ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ tuntun jọ, kí àwọn ọmọ náà tó mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún. Olùkọ́ tí ó bá ti dúró níwájú kíláàsì mọ bí ó ṣe ń rí: ọmọ tí kò lè ka gbólóhùn kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí wọ́n ti kọ 'olódo' sí i lára ní ọ̀sẹ̀ kẹta. A kì í fi oúnjẹ ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tí ó rù.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Kwara United gba President Federation Cup fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n fi pẹnáritì borí Abakaliki FC ní Èkó. Ife yẹn ni ó ṣí ọ̀nà ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà fún wọn, kì í ṣe líìgì tí gbogbo ẹnu ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Nígbà tí sáà mìíràn sì dé, àwọn tí ó wà ní ìdí ìwé ìròyìn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìdíje tí ó kù nílé.