Lọ́dọ̀ Àwọn Afíngbá Ọ̀yọ́

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi kù sí dẹ̀dẹ̀, tí mo sì ti pinnu pé abọ́ ike kọ́ ni n ó fi kún ẹrù ìyàwó rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn, a gba Mọ́níyà, a kọjá Fìdítì àti Ìlọràá, títí a fi wọ Ọ̀yọ́ Aláàfin, òjò pa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọmọ Àtìbà, ìlú tí ó ti wà lójú ibi tí ó wà lónìí láti bí ọdún 1830 sí 1840, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú.

Nítòsí ọjà Àkẹ̀sán ni mo ti bá bàbá afíngbá kan lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi itan méjèèjì há igbá mọ́ra, ó di ọ̀bẹ kékeré mú ṣinṣin; igbá ni ó ń yí, ọ̀bẹ ń dúró dè é. Lára igbá tí a ti rì sínú omi títí ohun inú rẹ̀ fi jẹrà, tí a ha mọ́, tí a sì sá gbẹ, ni alángbá, ẹja àti ìlà tí ó lọ́ mọ́ra wọn ti ń yọ jáde, nítorí èèpo tí ó yí wọn ká ni bàbá ń họ kúrò.

Mo kí i, mo ní: “Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò fín inú rẹ̀?”

“Ọmọ mi, bí mo bá fín inú, ẹ̀kọ á máa há sójú ọnà. Bí ọ̀bẹ bá sì wọlé jù lẹ́yìn, igbá á máa jò.”

Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkárá, ayé á bá a fi kó ilẹ̀. Ta ni yóò fi èyí kó ilẹ̀? Ọnà ara rẹ̀ ni ó ń mú kí a fọ̀ ọ́ dáadáa, kí a gbé e síbi tí ewúrẹ́ kò lè dé, kí a sì rán an bí ó bá ya, tí ó fi ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju abọ́ tí a kò kà sí lọ. N kò bá àwọn tí ń fi í kọ́ ara ògiri jà, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo na ọwọ́ sí igbá ńlá kan tí ó wù mí. Bàbá bi mí ohun tí ìyàwó yóò fi ṣe. Mo ní omi àlejò ni. Ó gba ti ọwọ́ mi padà, ó mú èyí tí ó kéré, tí ó sì jinú, tí a fín ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí ìka yóò dì mú, tí a sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní dídán fún ètè. Mo sanwó rẹ̀ láìnájà.