Omi Kò Mọ Ààlà: Ohun Tí Pàṣípààrọ̀ Ilẹ̀ ní Alaska Kọ́ Mi

Ní ìpàdé ẹbí wa tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń bá àwọn tó ń kọ́ ilé títà wá ilẹ̀ gbé ìwé kan wá síwájú wa. Kò fẹ́ fi owó nìkan ra ilẹ̀ wa tó wà níbi orísun odò. Pàṣípààrọ̀ ni ó ní kí a ṣe. Àwọn yóò gba ilẹ̀ orísun odò, wọn yóò sì fún wa ní ilẹ̀ mìíràn lẹ́bàá títì márosẹ̀, pẹ̀lú owó díẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹbí pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà dákẹ́. Bàbá tó dàgbà jù láàárín wa béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ni yóò máa ṣọ́ omi yẹn lẹ́yìn wa?" Èmi ni akọ̀wé ẹbí. Mo kọ ìbéèrè náà sínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò rí ìdáhùn kankan kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò ní ìlẹ̀ olótùútù kan tó jìnnà sí wa gan-an, Alaska, ní ìkángun Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé àṣà wọn àti tiwa jọra. Ohun tó gbé mi lọ síbẹ̀ ni pé ó ti tó àádọ́ta ọdún tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ti ń bá ìjọba ṣe irú pàṣípààrọ̀ tí wọ́n fi lọ̀ wá yìí. Ẹni tó ti rin ọ̀nà kan rí ló mọ ibi tí ẹrẹ̀ wà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi wo ọ̀nà tí wọ́n ti rìn.

Ní ọdún 1867, ìjọba Rọ́ṣíà ta Alaska fún Amẹ́ríkà ní 7.2 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná ọjà náà, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ọ̀rọ̀ wọn tó di ohun tí wọ́n ń gbọ́ ní tòótọ́, epo rọ̀bì ló sì mú kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1968, wọ́n rí epo púpọ̀ ní Prudhoe Bay. Wọ́n ní láti ri ọ̀pá epo gba inú Alaska já, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò lè kọjá lórí ilẹ̀ tí a kò tíì mọ ẹni tó ni ín. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 1971, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin tó parí ẹjọ́ náà. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ gba nǹkan bí 44 mílíọ̀nù éékà ilẹ̀ àti 962.5 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ wọn lórí ìyókù.

Ibi tó ṣe mí ní kàyéfì nìyí. Òfin náà kò fi ilẹ̀ náà lé àwọn olóyè tàbí ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ni ó fi í lé lọ́wọ́: méjìlá fún àwọn ẹkùn, àti àwọn tó lé ní igba fún àwọn abúlé. Gbogbo ọmọ ìbílẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀, tó sì wà láàyè ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin náà, gba ìpín ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì kò ní ìpín kankan, àfi bí ó bá jogún rẹ̀, tàbí tí ẹbí rẹ̀ bá ta á lọ́rẹ, tàbí tí ilé-iṣẹ́ náà bá dìbò láti fún irú wọn. Ilé-iṣẹ́ abúlé ló ni ojú ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ ẹkùn ló ni ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a gbà pé ilẹ̀ ìdílé jẹ́ ti àwọn tó ti kú, ti àwọn tó wà láàyè àti ti àwọn tí a kò tíì bí, ẹ wo bí wọ́n ṣe fi abẹ gé ogún kan sí ọ̀nà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ilé-iṣẹ́ ẹkùn tó wà ní agbègbè Anchorage, ìlú tó tóbi jù ní Alaska, ni wọ́n ń pè ní Cook Inlet Region, tàbí CIRI. Nígbà tó kàn wọ́n láti yan ilẹ̀ tiwọn, wọ́n bá a pé ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn aládàáni ti mú èyí tó dára. Òkè àti yìnyín ló pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù. Wọ́n lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì di àdéhùn oníhà mẹ́ta láàárín CIRI, ìpínlẹ̀ Alaska àti ìjọba àpapọ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 1976, àwọn aṣòfin Alaska sì gbà á lọ́dún náà. CIRI fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní apá Lake Clark, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ tó ní ohun àlùmọ́ọ́nì níbòmíràn, àti àǹfààní láti yan lára dúkìá ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn òde ẹkùn rẹ̀.

Kí ló wà ní Lake Clark? Omi ni. Àwọn Dena'ina tó ni ibẹ̀ ń pe adágún náà ní Qizhjeh Vena. Omi rẹ̀ ń gba odò Newhalen lọ sínú Iliamna, adágún tó tóbi jù ní Alaska. Láti Iliamna, ó gba odò Kvichak lọ sí Bristol Bay, níbi tó ti pàdé òkun. Ọ̀nà omi yìí ni ẹja salmon pupa ń gbà. Inú omi tútù lókè ni wọ́n ti ń pa ẹja náà, yóò lọ sí òkun, yóò lo ọdún mélòó kan níbẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wá odò tí wọ́n bí i sí rí, yóò wọ́ gòkè, yóò yé ẹyin, yóò sì kú. Òkú rẹ̀ ni béárì, ẹyẹ àti igbó fi ń jẹun. Bristol Bay nìkan ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì irú ẹja yìí ní gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n sọ Lake Clark di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1980, òfin náà sọ ọ́ ní kedere pé ọ̀kan lára iṣẹ́ ọgbà náà ni láti dáàbò bo ilẹ̀ tí omi ti ń ṣàn wá, kí ẹja pupa Bristol Bay má bàa tán. Bí CIRI kò bá gbà láti pàrọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ọgbà náà ìbá ṣòro gan-an.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ǹ bá ti sáré padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí mi pé kí a fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Nínú àdéhùn 1976 yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ Alaska gba ilẹ̀ kan ní apá Iliamna. Lórí ilẹ̀ náà ni wọ́n ti wá rí ohun tí wọ́n ń pè ní Pebble: bàbà, wúrà àti molybdenum tó pọ̀ rẹpẹtẹ lábẹ́ ilẹ̀, ní orísun àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ sínú Kvichak àti odò Nushagak. Ọwọ́ kan náà tó ti ilẹ̀kùn apá kan odò ló ṣí èkejì sílẹ̀. Ní orí ìwé, ọ̀tọ̀ ni Lake Clark, ọ̀tọ̀ ni Pebble. Ẹja kò ka ìwé. Inú Kvichak kan náà ni omi méjèèjì ti ń pàdé.

Ní 2020, àwọn ọmọ ogun tó ń bójú tó iṣẹ́ omi ní Amẹ́ríkà kò fún iṣẹ́ ìwakùsà náà ní àṣẹ. Ní oṣù Kìíní 2023, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká fi òfin omi dínà rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Alaska gbé ẹjọ́ náà tààrà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ó ní òun gba ilẹ̀ yìí nínú pàṣípààrọ̀ nítorí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, báwo ni ẹni tó bá òun ṣe àdéhùn yóò ṣe wá sọ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án? Ilé ẹjọ́ náà kọ̀ láti gbọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. N kò fẹ́ kí wọ́n wa kùsà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè pe ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àdéhùn ni àdéhùn. Àṣìṣe náà ti wà nídìí rẹ̀ láti 1976, nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ tí wọn kò sì ro ti omi tó so ó pọ̀.

Àwọn tó tún un ṣe díẹ̀ ni àwọn ará Pedro Bay, abúlé kékeré kan létí adágún Iliamna. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fi kó bàbà àti wúrà Pebble jáde gba orí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ abúlé wọn. Wọn kò ta ilẹ̀ náà, wọn kò sì pàrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti kọ́lé, láti la ọ̀nà àti láti wa kùsà lórí ohun tó lé ní 44,000 éékà ni wọ́n tà, títí ayé. Ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀, The Conservation Fund, kó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là jọ fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní òpin 2022. Ẹgbẹ́ àdúgbò kan ló ń ṣọ́ àdéhùn náà. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀. Wọ́n ṣì ń pẹja níbẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣọdẹ. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yé mi pé ènìyàn lè gba owó lórí ilẹ̀ kí ilẹ̀ náà má sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé pàṣípààrọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun mímọ́, ẹ wo King Cove ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Alaska. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà kan gba inú ààbò ẹranko Izembek kọjá lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Cold Bay, nítorí pé nígbà tí ìjì bá ń jà, aláìsàn wọn kì í rí ọ̀nà dé ilé ìwòsàn. Ilé-iṣẹ́ abúlé wọn ló fẹ́ fi ilẹ̀ pàrọ̀ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lọ, ó bọ̀, láti ọ̀dọ̀ ìjọba kan dé èkejì, láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn, kí ìjọba tó tún fọwọ́ sí i ní 2025. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sà Izembek ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú irú pẹ́pẹ́yẹ igbó kan ní etí òkun Pàsífíìkì ti ń jẹun nínú ìrìn àjò wọn, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Yup'ik tó jìnnà sí King Cove sì ń fi ẹyẹ náà jẹun. Wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ sí i. Ọmọ ìbílẹ̀ ń bẹ ní ìhà yìí, ọmọ ìbílẹ̀ ń bẹ ní ìhà ọ̀hún. Ẹni tó ń gbé ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn gba inú ìjì kì í ṣe ọ̀tá ilẹ̀. Ẹni tó ń dáàbò bo oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ìyá ẹlòmíràn.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní ń gbẹ. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ìkìlọ̀ fún ọmọ tó gbàgbé ilé ni mo máa ń rò pé ó jẹ́. Ní báyìí, mo ń gbọ́ ọ bí ó ṣe rí gan-an: odò ni, orísun ni, gbígbẹ ni.

A óò tún pàdé láìpẹ́. N kò ní sọ fún ẹbí mi pé kí wọ́n kọ̀, nítorí ọmọ púpọ̀ ló wà nínú ẹbí tí kò ní ibi tí yóò kọ́lé sí, ebi kì í sì í gbọ́ òwe. Ṣùgbọ́n mo ti kọ nǹkan mẹ́ta sí abẹ́ ìbéèrè bàbá. Èkíní, kí a wo ibi tí omi náà ń ṣàn lọ, àwọn wo ló ń mu ún nísàlẹ̀, kí a sì pè wọ́n wá síbi ìpàdé. Èkejì, kí a béèrè ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe lórí ilẹ̀ tí yóò gbà, kì í ṣe ohun tí yóò fún wa nìkan. Ẹ̀kẹta, bí ó bá ṣeé ṣe, kí a jẹ́ kí ilẹ̀ orísun odò dúró lọ́wọ́ wa, kí a sì ta èyí tó jìnnà sí omi, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Bóyá wọn yóò gbà, bóyá wọn kò ní gbà. Ọmọ tí wọn kò tíì bí kò lè wá sí ìpàdé láti dìbò. Mo ti kọ orúkọ tirẹ̀ náà sínú ìwé àwọn tó wá, mo sì fi àyè ìbuwọ́lù rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.