Igbe tí Ọkọ̀ Wa Ké ní Ìpàta

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Ìlọrin ti ń jí, kí ó dé ọjà Ìpàta kí oòrùn tó mú. Àwọn alápatà ń pọ́n ọ̀bẹ, àwọn aláàárù ń kígbe pé kí a yàgò, ata rodo, tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà sì kún ilẹ̀ nínú agbọ̀n àti àpò. Èdè Yorùbá ni etí kọ́kọ́ ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Haúsá, Fúlàní àti Nupe yóò fi dà pọ̀ mọ́ ọn. Nínú gbogbo ariwo yìí, ọkọ̀ tèmi ni ó ké jù lọ́jọ́ náà.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti wá, ìrìn nǹkan bí 50 kìlómítà. Ọjọ́ kejì ni a ó sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ, ìdílé wa kò sì gbà pé ata kan wà tí ó tó ti Ìpàta. Èmi ni mo di sítíárìn mú. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, Ìbàdíàrán bí mo ti ń pè é, jókòó tì mí, ọmọ mi ọlọ́dún méjì sì ń sùn lẹ́yìn. Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní 1975. Bàbá ọkọ mi ni ó fi í sílẹ̀ fún wa.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bí mo ti ṣáná sí ọkọ̀ ni ó han gooro bí ajá tí a tẹ̀ nírù, ìṣẹ́jú kan, ó dákẹ́. Mo ní omi òjò ni. Lójú ọ̀nà, bí mo bá tan iná iwájú tí mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ sáré, yóò tún han. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, mo jẹ̀bi: mo gbé ohùn rédíò sókè.

Ní Ìpàta, igbe náà kò dákẹ́ mọ́. Àwọn aláta yíjú wò wá. Ọmọkùnrin kan sáré mú ọṣẹ wá pé òun yóò fi pa bẹ́líìtì. Èkejì ní alternator ti kú, kí n ra tuntun. Mo ti ń tú gèlè kí n lè mú owó jáde nígbà tí bàbá mẹkáníìkì kan tí ó wá ra àlùbọ́sà dúró tì wá.

“Ìyá ọmọ, ẹ má tíì ra nǹkan kan,” ni ó wí.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n sún sẹ́yìn, kí n sì ká ìborùn mi mọ́ra, nítorí bẹ́líìtì tí ń yí kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí ìka. Ó gba omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ aláta kan, ó ta díẹ̀ sí ara bẹ́líìtì bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Igbe náà le sí i. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ díẹ̀ tí ó tún padà ni, a bá fura pé àwọn àgbá tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá kò tò gún. Bí omi kò bá sì yí ohùn rẹ̀ padà, a bá lọ wo béárìn. Èyí tí omi mú le sí i, bẹ́líìtì tí ó dẹ̀ ni.

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó fún mi mú dání. Nígbà náà ni ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín àgbá méjì. Ó yẹ kí ó rì tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Tiwa rì ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ìró tí a kò ró le: ó wà nídìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n yíyọ̀ ni ó ń yọ̀. Yíyọ̀ yìí ni ó ń han. Ó yí i padà, mo rí i pé inú rẹ̀ ń dán bí àwo, ó sì ti sán wẹ́wẹ́.

Ọṣẹ ńkọ́? Yóò pa á lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Bàbá náà lè tú bóòtì alternator kí ó fà á sẹ́yìn kí bẹ́líìtì le, èyí kò ní ná mi ju owó iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí àwọn ibi tí ó sán: bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí alternator tí ń fún bátìrì lágbára, òun náà ni ó ń yí ohun tí ń fa omi ká ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá já, iná bátìrì yóò tàn, ooru yóò gòkè, bí a kò bá sì dúró kíákíá, ẹ́ńjìnnì yóò jóná. Mo wo ọmọ mi tí ó ṣì ń sùn. Mo ro ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́.

Owó ẹran ni mo mú dání.

“Ìyàwó wa, ẹran ńkọ́?” ni Ìbàdíàrán bèèrè.

Mo ní ẹran yóò kéré. Kò dùn mọ́ ọn nínú, n kò sì dá a lẹ́bi. Ojú ènìyàn ni a ń wò níbi ìkómọ. Bàbá tú ògbólógbòó náà, ó ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kí n fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé tuntun, nítorí èyí tí ó fi díẹ̀ gùn jù kì í ṣeé fà le tán. Ó fi tuntun sí i, ó fà á, ó ní kí n tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé, ó ní, irin kan ni ó ń fa bẹ́líìtì tiwọn fúnra rẹ̀. Bí tiwọn bá ń han, a ó yẹ irin náà wò pẹ̀lú.

Ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ títí a fi délé. Ní ìkómọ, ìyá ọkọ àbúrò mi wo ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Ìbàdíàrán ni ó sọ ọ́ fún un, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó gbèjà mi.

Bàbá ti ní bẹ́líìtì tuntun a máa nà, kí n padà wá kí ó fún un díẹ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tún dé Ìpàta, mo ra àlùbọ́sà, mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́ kí bàbá tó dé ìdí ọkọ̀. Ó ti dẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́.