Ariwo Òru Nínú Pálọ̀ Ìyá Wa

Ọ̀rọ̀ yìí tì wá lójú, ṣùgbọ́n a ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé a ó sọ ọ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àwa tọkọtaya fẹ́ tẹ́ táìsì sí pálọ̀ ìyá wa ní Ìníṣà. Bàbá wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà kí ó tó sùn nínú Olúwa. Ìkìrun ni a ti ra táìsì, ará Òkukù sì ni onítáìsì. Nígbà tí ó dé, ó fi ẹsẹ̀ ra ilẹ̀, ó mi orí. Ó ní ó dán jù, a ní láti fi òòlù àti irin ṣá a, kí a gbá eruku rẹ̀ kúrò, kí a sì wọ́n omi sí i, kí sìmẹ́ńtì tuntun lè rí nǹkan dì mú. Ó ní a ó sì fi àlàfo díẹ̀ sáàárín táìsì. Ṣíṣá yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Ìdúpẹ́ ìparí ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. A ní kí ó máa tẹ́ ẹ lọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì fún wọn mọ́ra, nítorí àlàfo kò dára lójú. Ó tún un sọ. A bi í bóyá òun ni yóò kọ́ wa bí a ó ti ná owó wa.

Ó rẹwà nígbà tí ó parí. Ìyá wa jó.

Ọyẹ́ oṣù Kìíní 2019 dé. Ní òru ọjọ́ kan, a gbọ́ "gbàù!" nínú pálọ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ní òru kejì, ó tún dún. A bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru. Ní ọjọ́ kẹta, a ti dárúkọ Ìyá Kékeré, ìyàwó bàbá wa tí ń gbé yàrá ẹ̀yìn, nínú àdúrà. Ó gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ wá fún wa, a dá a padà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ìyá wa fi ẹsẹ̀ kọ táìsì tí ó ti wú sókè, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì rọ́. Ìyá Kékeré ló kọ́kọ́ sáré dé ibẹ̀. Gèlè orí rẹ̀ ló fi di ọwọ́ náà.

A ránṣẹ́ sí Òkukù. Onítáìsì fi ìdí òòlù kan ilẹ̀: ibì kan dún kì, ibòmíràn dún bí agbè òfìfo. Ó ṣí ọ̀kan. Sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn táìsì pinpin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá wa ń dán lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí. Ó ní òtútù òru ń mú un sún kì, ooru ọ̀sán ń mú un fẹ̀. Nígbà tí kò rí àyè fẹ̀ sí, tí ilẹ̀ kò sì dì í mú, ó gbéra sókè, ó sì dún. (Àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ mọ èyí. Òòró ni wọ́n ri àpáàdì sínú ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi í tẹ́ ojúde, ó ti lé ní 600 ọdún, púpọ̀ sì wà níbẹ̀ dòní.)

Bíbẹ onítáìsì kò ṣòro. Ti Ìyá Kékeré gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wa dọ̀bálẹ̀, èkejì kúnlẹ̀, a jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó fọhùn.

"Ọ̀ọ̀lẹ̀ ọjọ́ yẹn," ó ní, "ajá ni mo fún jẹ."

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣá ilẹ̀ náà. Ògo ni fún Ọlọ́run, ọwọ́ ìyá wa ti san. Lọ́jọ́ tí a parí, Ìyá Kékeré bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ kan táìsì náà láti igun dé igun, ó ń dẹ etí sí i.

"Ó ti dákẹ́," ó ní, ó sì jókòó.