Iṣẹ́ Ni Ohùn Tẹ́nọ̀

Ọ̀rọ̀ ọ́pẹ́rà ni mo gbé wá lónìí, pàápàá jù lọ iṣẹ́ ọkùnrin tí ń kọ ohùn tẹ́nọ̀ nínú rẹ̀. Ó lè ya yín lẹ́nu pé ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú, ní ọ̀nà tí ó lọ sí Ṣágámù, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀, mo sì ń kọ tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tí ń di ẹrù sínú ọkọ̀, òun náà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin. Bí ó bá ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọn a gbọ́ ọ ní òdì kejì ọgbà bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń kùn. Ní ọjọ́ kan ó bi mí léèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn kan wà tí wọ́n ń fi irú ohùn yìí jẹun ní òkè òkun. Bí mo bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ kọ́ ọ, ṣé n óò rí jẹ?” N kò dá a lóhùn kíákíá. Ó ní ìyá, ó sì ní àbúrò tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ìtàn Enrico Caruso ni mo kọ́kọ́ sọ fún un. Ìlú Naples ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti bí i ní 1873. Òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ àti irin yíyọ́ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni Caruso nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń ṣe ẹ̀rọ omi ìgboro, nígbà tí ó sì yá, òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti ń kọrin. Ní 1895 ni ó kọ́kọ́ ṣe ọ́pẹ́rà lórí ìtàgé ní Naples. Ní oṣù kẹrin 1902, ó kọ orin 10 sínú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ ní Milan, ó sì gba 100 pọ́n-ùn. Láti 1903 títí di òpin 1920 ni ó ń kọrin ní Metropolitan Opera ní New York, ó sì kú ní 1921 ní ọmọ ọdún 48. Nínú gbogbo ìtàn yìí, 100 pọ́n-ùn ni ọmọ náà gbọ́ jù. N kò bá a wí.

Nǹkan tí ó ń rù ú lójú ni bí ènìyàn kan ṣoṣo ṣe lè kọrin borí ọ̀pọ̀ ohun èlò orin láìsí gbohùngbohùn. Ariwo kọ́ ni ó ń ṣe é. Ọ̀mọ̀wé Johan Sundberg ará Sweden wádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: ibi tí ìgbì ohùn ti ń gbọ̀n bí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni agbára ohun èlò orin pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó kọ́ṣẹ́ a máa kó agbára ohùn rẹ̀ jọ sí àyíká 3,000, níbi tí ohun èlò orin ti rọlẹ̀. Bí agogo ṣe ń la àárín ìlù dùndún kọjá nìyẹn. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀fun tó mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa. Àwọn ará Ítálì a máa tọ́jú ohùn òkè tẹ́nọ̀ de ìparí orin. Èdè wọn gbà á, nítorí pé gbígbé ohùn sókè kò sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú “ọba wọlé”: ohùn òkè ni ó parí rẹ̀, tẹ́nọ̀ lè gbé e kan àjà gbọ̀ngàn, kí ó dì í mú títí èémí yóò fi tán. Ṣùgbọ́n “ọba wàjà” ńkọ́? Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ó parí rẹ̀, orin gbọ́dọ̀ bá ọba sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ó léwu jù ni “ọba kò so”. Ohùn àárín ni “so”. Bí akọrin bá fi ohùn òkè parí rẹ̀ bí ará Ítálì, “so” ti di “só”, iyì Ṣàngó sì ti bọ́ sílẹ̀ lójú agbo. (N kò ní í túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó bi ìyá àgbà.)

Àìsàn tí ó ń ṣe ọ̀pọ̀ orin ìsìn wa nìyẹn, èyí tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí lábẹ́ ohùn òyìnbó. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 sí 1962, rí i kedere. Ó ní kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Àwọn òṣèré wa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Hubert Ògúndé ṣe eré orin nípa ọgbà Édẹ́nì fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èkó ní 1944, ọ́pẹ́rà ni wọ́n sì ń pè é nígbà náà. Ọlọ́pàá ni. Ní 1945 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá African Music Research Party sílẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì ni ó sì fi ń bọ́ àwọn òṣèré rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Dúró Ládipọ̀ gbé “Ọba Kò So” jáde ní Òṣogbo ní 1963, ó sì gbé e lọ sí Berlin ní 1964. N kò pe àwọn wọ̀nyí ní tẹ́nọ̀ bíi ti Caruso o, ṣùgbọ́n nínú ìdáhùn tí mo fún ọmọ náà, tiwọn ni ó wúwo jù. Èdè tí àwọn òǹwòran ń sọ nílé ni wọ́n fi kọrin, àwọn òǹwòran náà sì ń san owó.

Lónìí, tẹ́nọ̀ tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ́pẹ́rà nìkan ní Èkó, ebi yóò pa á. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ṣọ́ọ̀ṣì àti kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní orin ni wọ́n fi ń dí i. Mo sọ èyí fún un láìfi epo bọ̀yọ̀. Mo tún sọ fún un pé MUSON ní Oníkan ń kọ́ni ní orin fún ọdún méjì gba díplómà, pé MTN Foundation sì ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ láti 2006. Ó ní òun yóò gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní í fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí wọn yóò fi gba òun wọlé. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti jáde níbi iṣẹ́, a ń fi wákàtí kan kọ́ èémí mímí.

Ó fẹ́ kọ orin méjì níwájú àwọn olùdánwò, ó sì ní dandan ni kí ọ̀kan jẹ́ ti Yorùbá. Mo mọ orin Yorùbá mẹ́ta tí Ayọ̀ Bánkọ́lé kọ, bárítóònù ni ó kọ wọ́n fún. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí ó bá mọ orin Yorùbá tí wọ́n kọ fún tẹ́nọ̀ àti dùùrù, tí ohùn rẹ̀ kò sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́, kí ó jọ̀wọ́ kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ire o.