Ìlobù, Ìfọ́n àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Tí Ó Jẹ́ Ti Ará Ìlú

Ní ọdún 2006 tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀, ìlú mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀tẹ̀dó. Ìlobù kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Ìfọ́n. Ẹni tí èyí bá dùn ní ẹjọ́ í rò, nítorí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí ni onílé ti ń rí ayálégbé, tí olóúnjẹ ti ń pa owó. Síbẹ̀, géètì nìkan kọ́ ni ó ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga di ti ará ìlú.

Ẹ wo Yunifásítì Ifẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ashby tí ó jábọ̀ ní 1960 kò dábàá rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó pinnu pé òun yóò ní tòun, ó sì dá a sílẹ̀ ní 1961. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà á títí di 1975. Láàrin ìgbà náà, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó iṣẹ́ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́. Ìwé tí kò sí, wọ́n jókòó kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ yòókù.

Òótọ́ ni pé Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ṣì jà, ìjà 1997 sí 2000 sì burú jáì. Ìwé kì í pààlà ilẹ̀. Ìlobù àti Ìfọ́n náà jà lórí ilẹ̀ ní 2025, ilé jóná, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ọmọ wo ni yóò lọ kàwé lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀?

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ó fagi lé e. Àṣẹ Àbújá lè yí padà lọ́sàn-án kan. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kò yéé lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò. Bí wọ́n bá rán ọmọ Ìlobù lọ sí Ìfọ́n, tàbí ọmọ Ìfọ́n sí Ìlobù, èdè kan náà ni yóò bá lẹ́nu àwọn ọmọ. Ìwé ìṣirò ní èdè náà, tí yóò gbé dání wọ kíláàsì, ẹ̀ka wo ni ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́?