O Tún Ti Ga!

Àwa tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1980, ọmọdé ni wá nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, ṣùgbọ́n ikùn wa mọ̀ ọ́n. Náírà wálẹ̀, ọjà gbówó lórí, bàbá ẹlòmíràn sì di ẹni tó ń jókòó sílé láàárọ̀. Búrẹ́dì di oúnjẹ ọjọ́ ọdún.

Síbẹ̀, nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, ojú pọ̀ lára wa. Télọ̀ iwájú ilé ló ń rán yunifọ́ọ̀mù wa. Bó bá ń fi téèpù wọn ẹsẹ̀ wa, á ní, "Ìwọ yìí, o tún ti ga! Ipò kelòó lo gbà?" Á wá ṣẹ́tí ṣòkòtò náà nípọn, kó lè rí nǹkan tú lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá alákàrà kì í gbowó kó tó béèrè pé, "Ṣé ara ìyá ẹ ti yá?" Àwa pè é ní òfófó.

Ní 2019, Christina Bethell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 6,188 ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Ohun rere méje ìgbà èwe ni wọ́n bi wọ́n léèrè. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò wọ́pọ̀ lára àwọn tó rí mẹ́fà tàbí méje bó ṣe wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò rí ju méjì lọ, àní láàárín àwọn tójú wọn rí màbo ní kékeré pàápàá. Ọ̀kan nínú méje náà ni pé kí àgbà méjì, yàtọ̀ sí òbí, ka ọmọ náà sí.

Télọ̀, ọ̀kan. Ìyá alákàrà, èjì.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́ ṣá. Òmíràn nínú méje ọ̀hún ni pé kọ́mọ lè sọ tinú rẹ̀ nílé. Ìyẹn ò sí lọ́dọ̀ wa. "Ọmọdé kì í dá sọ́rọ̀ àgbà" ni wọ́n fi pa wá lẹ́nu mọ́. Títí dòní, bẹ́nì kejì wa bá ní kí ló dé, "Kò sí nǹkan kan" là ń fọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ru.

Àwọn ọmọ tiwa ń sọ tinú wọn fún wa. Àmọ́ ẹ̀yìn géètì ni wọ́n ń gbé. Tèmi ò mọ orúkọ ẹni tó wà ní fúláàtì òkè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan jáde láti fúláàtì òkè náà, ṣòkòtò iléèwé rẹ̀ ti fò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ẹnu mi yá jù mí lọ: "Ìwọ yìí, o tún ti ga! Ipò kelòó lo gbà?"

Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí.

"Ipò kẹrin, sà."